Bakitéríà ti mojú Septrin: kí ló dé tí wọ́n ṣì ń fún ẹni tó ní HIV?

Ìbéèrè kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń lọ gba oògùn HIV, pàápàá àwọn tó máa ń kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí àwọn dókítà bá ń pariwo pé ká yé jẹ áńtíbáyọ́tíìkì bó ṣe wù wá, èwo wá ni ti Septrin tí wọ́n ń fún wa lójoojúmọ́, oṣù wọlé, oṣù jáde, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe wá? Ìbéèrè gidi ni. "Dókítà ló ní ká jẹ ẹ́" kì í ṣe ìdáhùn sí i.

Òótọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú bakitéríà tó ń dá wa lóró ní Áfíríkà ni apá Septrin ò ká mọ́. Èkejì, Septrin yìí kan náà ṣì ń gba ẹni tó ní HIV lọ́wọ́ ikú. Ó jọ pé wọ́n ta kora, àmọ́ tí a bá mọ ohun tí oògùn náà ń ṣe nínú ara, a ó rí i pé wọn ò ta kora. Ẹni tí kò bá yé lè fi oògùn sílẹ̀ nígbà tí kò tíì tọ́, tàbí kó máa jẹ ẹ́ lọ́nà tí bakitéríà nìkan á fi jèrè.

Co-trimoxazole lorúkọ tó wà lára páálí. Septrin ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ lè bá Bactrim pàdé ní Kòtónù tàbí Lómé, ohun kan náà ni. Oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan: sulfamethoxazole àti trimethoprim. Hóró kékeré jẹ́ 480 mílígíráàmù, 400 ti àkọ́kọ́ àti 80 ti èkejì. Hóró ńlá jẹ́ 960, ìyẹn 800 àti 160. Ẹ rántí nọ́ńbà méjì yìí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tí wọ́n fún ní hóró ńlá lóṣù tó kọjá tó wá gba hóró kékeré lóṣù yìí, tó sì ń jẹ ẹyọ kan bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdajì ìwọ̀n ló ń jẹ. Ìwọ̀n tí kò tó kì í dáàbò bo èèyàn bó ṣe yẹ, ó sì tó láti kọ́ bakitéríà lọ́gbọ́n.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwa èèyàn máa ń rí fólétì, irú fítámì kan, nínú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀ ẹran. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ò lè gbà á láti ìta. Inú ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Láìsí fólétì, wọn ò lè kọ́ DNA (àkọsílẹ̀ tó ń darí ara wọn), wọn ò sì lè bí sí i. Iṣẹ́ fólétì yìí ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ léra, ẹ́ńsáìmù kọ̀ọ̀kan (òṣìṣẹ́ kékeré nínú ara bakitéríà) ló sì ń bójú tó ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sulfamethoxazole ń dí ẹ́ńsáìmù kan lọ́wọ́, trimethoprim ń dí òmíràn tó wà níwájú ẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ jò, èkejì á dí i.

Ọ̀nà tí bakitéríà ń gbà bọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Kì í ba oògùn náà jẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá ẹ́ńsáìmù àfirọ́pò, èyí tí oògùn ò lè dì mú. Àwọn jíìnì (ìtọ́ni inú DNA) tó ń ṣe àfirọ́pò ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní sul1, sul2 àti sul3. Ìdílé jíìnì dfr ló ń ṣe ti èkejì. Wọn kì í sábà dá gbé. Orí plasmid ni wọ́n máa ń wà, ìyẹn òrùka DNA kékeré tí bakitéríà kan lè fi lé bakitéríà míì lọ́wọ́, kódà bí wọn ò bá jẹ́ irú kan náà. Orí plasmid kan náà ni jíìnì tó ń sọ ampicillin, tetracycline tàbí streptomycin di aláìwúlò ti máa ń bá wọn gbé. Nítorí náà, Septrin nìkan lèèyàn lè máa jẹ, kí bakitéríà inú ìfun ẹ̀ sì máa ṣe agídí sí oògùn tí kò tíì fẹnu kàn rí. Pneumococcus, tó máa ń fa òtútù àyà, kì í dúró de plasmid ní tiẹ̀: ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ gan-an ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ oògùn ò fi ní lè dì í mú.

A máa ń sọ pé "ara mi ti mọ oògùn yẹn". Ara kọ́. Bakitéríà tó ń gbé lára ni oògùn ò ká mọ́, bakitéríà ọ̀hún sì lè ti ara ẹni kan bọ́ sára ẹlòmíì tí kò jẹ oògùn kankan rí. Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀kan sí i níbí: Septrin kì í pa HIV, kì í sì í mú kí HIV mojú oògùn ARV, ìyẹn oògùn tó ń dá HIV dúró. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra ni.

Ó yá, ẹ̀rí dà?

Ìlú Àbíjàn ni ẹ̀rí tó múná ti kọ́kọ́ wá, ní 1999. Àwọn 771 tó ní HIV àti ikọ́ ife pa pọ̀ ni wọ́n pín sí méjì: apá kan ń jẹ Septrin 960 lójúmọ́, apá kejì ń jẹ hóró tí kò ní oògùn nínú. Ikú fi 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin àwọn tó ń jẹ Septrin. Ìwádìí kejì ní ìlú kan náà, lọ́dún kan náà, rí i pé àìsàn líle dín kù bákan náà. ARV ò tíì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ní ọdún 2000, WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti UNAIDS (àjọ UN tó ń rí sí ọ̀rọ̀ HIV) ní kí gbogbo Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Àwọn onímọ̀ kan ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ò gbà. Wọ́n ní bakitéríà Àbíjàn ṣì ń bẹ̀rù Septrin, ti ọ̀dọ̀ àwọn ò bẹ̀rù ẹ̀ mọ́. Àríyànjiyàn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lusaka, ní Zambia, ló dáhùn ẹ̀. Ọmọdé 541 tó ní HIV ni wọ́n kó jọ, níbi tí 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún bakitéríà tí wọ́n yẹ̀ wò ti ń ṣe agídí sí oògùn náà. Nínú àwọn ọmọ tó gba Septrin, 74 kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, 112 ló kú. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró ní 2003 kó tó pé àkókò, torí kò tọ́ kí wọ́n máa fi oògùn du ìdajì àwọn ọmọ náà mọ́. Nínú gbogbo ẹ̀rí tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló lágbára jù lójú tèmi, torí ibi tó yẹ kí oògùn náà ti kùnà ni wọ́n ti dán an wò.

Kí ló fa á? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ Septrin kì í ṣe lórí bakitéríà nìkan. Pneumocystis jirovecii, tó ń fa irú òtútù àyà kan tó máa ń pa ẹni tí CD4 ẹ̀ (iye sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara) ti lọ sílẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ẹbí olú. Toxoplasma tó ń kọlu ọpọlọ, Cystoisospora tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tí kì í dá bọ̀rọ̀, àti kòkòrò ibà, gbogbo wọn ló nílò fólétì, gbogbo wọn sì ni Septrin ń dí lọ́wọ́. Jíìnì sul tó wà lára bakitéríà inú ìfun ò kan ìkankan nínú wọn. Ní Tororo, ní Uganda, iye ìgbà tí ibà ń kọlu àwọn tó ní HIV fi 72 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Septrin. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí ẹ̀fọn ò ti jẹ́ ká sùn, ìyẹn nìkan tó ìdí.

Ìdí kejì ni pé àwo yàrá àyẹ̀wò ò jọ ara èèyàn. Bakitéríà tí wọ́n kọ "agídí" sí lórúkọ nínú àwo lè ṣì rọ díẹ̀ níwájú oògùn tó ń wọlé lójoojúmọ́, kó má lè pọ̀ débi tó máa dá àìsàn sílẹ̀. Ìdí kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé àwọn onímọ̀ ni: ní 2019, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ àwọn ọmọdé kan ní Uganda àti Zimbabwe fi hàn pé Septrin ń mú kí iná (inflammation) tó ń jó lábẹ́lẹ̀ nínú ara àti nínú ìfun ẹni tó ní HIV rọlẹ̀, yàtọ̀ sí pípa kòkòrò. Iná yẹn wà lára ohun tó ń pa èèyàn díẹ̀díẹ̀ nínú HIV.

Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn rò pé ọ̀fẹ́ ni. Nínú imú àti ọ̀nà ọ̀fun àwọn tó ń jẹ Septrin, pneumococcus tí apá Septrin ò ká máa ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni bakitéríà inú ìfun. Ohun tí kò hàn gbangba nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí ni pé kí penicillin náà máa pàdánù agbára ẹ̀ lórí pneumococcus ní ìwọ̀n kan náà. Ní ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé, wọ́n wo ìyẹn ní Tororo: bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru láàrin ẹbí ò ṣe agídí jù bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ (agídí ọ̀hún ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ká sọ òótọ́), ikú àwọn ọmọ ilé tí kò ní HIV sì dín kù, ó sì jọ pé òbí tó lálàáfíà tó ń tọ́jú ọmọ wà lára ohun tó fà á.

Ibi tí owó ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde lápò wa ni ìgbà tí àìsàn bá dé. Ẹni tó ń jẹ Septrin lójoojúmọ́ tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí òtútù àyà bá tún mú, bakitéríà tó mú un, bí bakitéríà bá ni, ó ti ní láti jẹ́ irú èyí tí apá Septrin ò ká. Àwọn tó rọ̀ ni oògùn ti kó kúrò lọ́nà. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á sọ hóró méjì di mẹ́rin, tàbí kí wọ́n yà sí kẹ́míìsì kí wọ́n tún fún wọn ní Septrin pẹ̀lú Flagyl. Oògùn tó ti kùnà ni wọ́n ń fi kún oògùn tó kùnà. Gbólóhùn kan ló yẹ kó ṣáájú lẹ́nu yín níwájú dókítà èyíkéyìí, ì báà jẹ́ dókítà eyín: "Mò ń jẹ Septrin lójoojúmọ́." Òun ló máa sọ fún un pé kó yan oògùn láti ìdílé míì, kó sì gba ìgbẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ fún yàrá àyẹ̀wò kó tó fún yín ní oògùn tuntun, tí àyè bá wà. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ìdí tó fi ń jẹ ẹ́, kó má sọ. Orúkọ oògùn nìkan ti tó fún yíyan èyí tó tọ́.

Ẹyọ kan ló yàtọ̀ níbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ Pneumocystis ló dé sínú ẹ̀dọ̀fóró, co-trimoxazole náà ni wọ́n máa fi wò ó, ní ìwọ̀n tó ga gan-an, fún ọjọ́ 21. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn, kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ojú díwọ̀n nílé. Ikọ́ gbígbẹ, ibà, àti èémí tó ń kúrú sí i lójoojúmọ́ títí tí gígun àtẹ̀gùn á fi di ìṣòro ni àmì ẹ̀. Ẹ má jókòó tì í.

Ní ti àwọn tó yẹ kó jẹ ẹ́: ìlànà WHO ti 2014 sọ pé àgbàlagbà tí CD4 ẹ̀ jẹ́ 350 sísàlẹ̀, tàbí tí àìsàn HIV ẹ̀ ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, ni kó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ibà tàbí àìsàn bakitéríà líle bá ti gbilẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìwo CD4. Ìwọ̀n àgbàlagbà ni 960 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: hóró ńlá kan tàbí kékeré méjì, pẹ̀lú omi tó pọ̀ dáadáa. Ẹ lè jẹ ẹ́ kí ẹ tó jẹun tàbí lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá ń rìn yín, ẹ fi oúnjẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá gbàgbé tòní títí ó fi di ọ̀la, tọ̀la nìkan ni kí ẹ jẹ. Àjẹlé ò sí níbẹ̀.

Ọmọdé ló gba àkíyèsí jù. Ọmọ tí ìyá tó ní HIV bí ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ fún láti ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kí wọ́n tiẹ̀ tó mọ̀ bóyá kòkòrò náà wọ ara ẹ̀, torí Pneumocystis kì í fún ọmọ ọwọ́ láyè. Ó máa jẹ ẹ́ títí tí wọ́n á fi gba ọmú lẹ́nu ẹ̀ tí àyẹ̀wò ìkẹyìn á sì sọ pé kò ní in. Oògùn olómi ní 240 mílígíráàmù nínú mílílítà 5. Ọmọ tó wọn kílò 3 sí 5.9 ń mu mílílítà 2.5 lójúmọ́, kílò 6 sí 13.9, mílílítà 5. Kílò 14 sí 24.9, mílílítà 10 tàbí hóró 480 kan. Láti kílò 25 lọ, ìwọ̀n àgbàlagbà. Ẹ rí i pé kílò ni mo ń kà, kì í ṣe ọjọ́ orí: ọmọ tó ń sanra tí wọn ò tún wọ̀n ní oṣù mẹ́fà, ìwọ̀n àtijọ́ ló ń mu. Ẹ fi síríńjì wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí ilé kan ò bá ìkejì dọ́gba. Ẹ sì gbo ìgò náà pọ̀ dáadáa ní gbogbo ìgbà. Oògùn yẹn máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Tí ẹ ò bá gbò ó, omi lásán lọmọ á máa mu lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, á sì wá mu ògidì oògùn nígbà tí ìgò bá ń tán lọ.

Aláboyún, ọ̀rọ̀ tiyín wà lọ́tọ̀. Níbi ìtọ́jú aláboyún, wọ́n máa ń fúnni ní Fansidar láti dènà ibà. Obìnrin tó ń jẹ Septrin kò gbọ́dọ̀ gbà á. Oògùn sọ́fà (ìdílé sulfa, tí sulfamethoxazole wà) ni àwọn méjèèjì, ewu ara bíbó àti ti ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, Septrin ọ̀hún sì ti ń ṣe iṣẹ́ tí Fansidar fẹ́ ṣe. Ìṣòro tó máa ń wà ni pé tábìlì tí wọ́n ti ń fúnni ní Fansidar àti yàrá tí wọ́n ti ń fúnni ní ARV kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń pín Fansidar lè má mọ̀. Ẹ sọ fún un.

Ìgbà wo ni èèyàn lè dá a dúró? Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láti ìlú kan sí ìkejì, ó sì máa ń da àwọn èèyàn wa tó ń gbé lókè òkun láàmú. Ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn pẹ̀lú Septrin nínú báàgì lè dé Lọ́ńdọ̀nù kí dókítà ní kó fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn ò mọṣẹ́. Lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n ń fi Septrin dènà jù ni Pneumocystis àti Toxoplasma. CD4 tó bá wà lábẹ́ 200 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ fún, wọ́n sì ń dá a dúró nígbà tí ARV bá ti gbé CD4 kọjá 200 tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kò sí ibà níbẹ̀. Nílé, WHO ní kí àwọn tó wà níbi tí ibà àti àìsàn bakitéríà ti pọ̀ máa jẹ ẹ́ lọ, kódà bí ara wọn bá ti yá. Níbi tí ìyẹn ò ti pọ̀, ẹni tí ARV ti bá lára mu, tí CD4 ẹ̀ ti gòkè kọjá 350, tí wọn ò sì rí kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, lè dúró.

Ẹ̀rí tó gbé ìyẹn dúró ò kéré. Ní Uganda àti Zimbabwe, ọmọdé 758 tí wọ́n ti ń lo ARV fún ó lé ní ọ̀sẹ̀ 96 ni wọ́n pín sí méjì, kí apá kan fi Septrin sílẹ̀. Nínú àwọn tó fi í sílẹ̀, 72 ló dèrò ilé ìwòsàn tàbí kú. Nínú àwọn tó ń bá a lọ, 48 ni. Ibà ló pọ̀ jù nínú ohun tó gbé wọn lọ, àmọ́ òtútù àyà àti májèlé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Torí náà, ẹni tó bá ń sọ pé "ARV ti tó, Septrin ò wúlò mọ́" kó kọ́kọ́ sọ ibi tó ń gbé.

Ohun tí oògùn náà lè ṣe síni kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní díẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ara máa ń sú jù. Tí ó bá kàn ń yún, tí kò ní ìléròrò, tí kò dé ẹnu, wọ́n lè fún yín ní oògùn ẹ̀hun kí ẹ sì máa bá a lọ lábẹ́ ìṣọ́. Tí ara bá ń bó, tí ètè, ojú tàbí ojú ara bá ń tú, tí ibà sì wà níbẹ̀, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tún gbọ́dọ̀ fẹnu kan oògùn sọ́fà mọ́ láyé ẹ̀. Ẹni tí Fansidar ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí rí, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ Septrin fún un.

Láàrin méjèèjì yìí ni àwọn kan wà tí ara wọn kọ̀ ọ́ àmọ́ tí kò le. Ọ̀nà wà láti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mú ara wọn bá a mu, lábẹ́ ojú ilé ìwòsàn nìkan: oògùn ẹ̀hun láti ọjọ́ tó ṣáájú, lẹ́yìn náà oògùn olómi mílílítà 2 lọ́jọ́ kìíní, 4 lọ́jọ́ kejì, 6 lọ́jọ́ kẹta, 8 lọ́jọ́ kẹrin, hóró 480 kan lọ́jọ́ karùn-ún, méjì láti ọjọ́ kẹfà lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń rí i jẹ lẹ́yìn ìyẹn. Ó sàn ju kí wọ́n sáré bọ́ sórí dapsone, 100 mílígíráàmù lójúmọ́, torí dapsone ń bá Pneumocystis jà àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ lórí bakitéríà.

Àìtó G6PD, ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́pọ̀ láàrin àwa Yorùbá, pàápàá lára ọkùnrin. Lára ẹni tó ní in, Septrin lè máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, dapsone sì burú jù ú lọ níbẹ̀. Ìtọ̀ tó ṣókùnkùn, ojú tó pọ́n bí ti oníbà pọ́njú, àti àárẹ̀ òjijì ni àmì. Ẹni tó bá ń jẹ Septrin pọ̀ mọ́ zidovudine (oògùn ARV kan), ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ láti ọ̀nà méjì, ó yẹ kí wọ́n máa ka ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Trimethoprim a sì máa gbé pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó ń lo lisinopril tàbí spironolactone fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó rí i pé dókítà rí oògùn méjèèjì lójú kan. Tí kíndìnrín bá ti rẹ̀ débi tí agbára tó fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wà láàrin mílílítà 15 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìwọ̀n ni. Lábẹ́ 15, wọ́n á wá nǹkan míì.

Ọ̀kan wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn lásán. Trimethoprim àti dolutegravir tó wà nínú hóró ARV tí wọ́n ń pè ní TLD, àwọn méjèèjì ń dí ọ̀nà tí creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) ń gbà jáde láti inú kíndìnrín. Nọ́ńbà creatinine á gòkè díẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò láìjẹ́ pé kíndìnrín ṣe nǹkan kan. Tó bá gòkè díẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, kì í ṣe ìdí láti sá kúrò nídìí oògùn. Tó bá ń gun òkè sí i láti oṣù dé oṣù, ìyẹn di ọ̀rọ̀ míì, torí tenofovir, tó lè pa kíndìnrín lára, náà wà nínú TLD.

Septrin nìkan kọ́ ni áńtíbáyọ́tíìkì ìdènà. Isoniazid 300 mílígíráàmù lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú fítámì B6, wà fún ikọ́ ife. Ohun tó ń ba tiẹ̀ jẹ́ ni kíkọ ọ́ fún ẹni tí ikọ́ ife ti ń jà lára ẹ̀ láìmọ̀. Nígbà náà, oògùn kan ṣoṣo ló ń dojú kọ ogunlọ́gọ̀ kòkòrò, àwọn tí kò rọ̀ nínú wọn ló sì máa ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà: ikọ́, ibà, òógùn òru, rírù. Ẹ má fi ikọ́ pamọ́ torí kí ẹ lè tètè kúrò ní ilé ìwòsàn.

Azithromycin, áńtíbáyọ́tíìkì míì, ni mo ń bá àwọn èèyàn jiyàn lé lórí jù. Ìwádìí kan ní Uganda, Zimbabwe, Malawi àti Kenya, tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2017, fún àwọn tí CD4 wọn wà lábẹ́ 100 ní àkójọ oògùn ìdènà nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ARV: azithromycin 500 mílígíráàmù fún ọjọ́ márùn-ún, fluconazole (oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì) 100 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, albendazole (oògùn aràn) ẹ̀ẹ̀kan, isoniazid, pẹ̀lú Septrin. Láàrin ọ̀sẹ̀ 24, 8.9 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, àwọn tó gba Septrin nìkan jẹ́ 12.2. Ọjọ́ márùn-ún péré, fún ẹni tó wà létí bèbè: èyí bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọdé tó ní HIV àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ní Zimbabwe àti Malawi ní azithromycin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 48, ìkọlù àìsàn náà dín kù lóòótọ́, bakitéríà tí apá azithromycin ò ká sì pọ̀ sí i lára wọn. Azithromycin jẹ́ oògùn tí a ṣì nílò láti wo àìsàn, kò sì ní iṣẹ́ lórí Pneumocystis tó máa fi rọ́pò Septrin. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ máa gbé e mì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ "láti fọ ẹ̀jẹ̀" ń tà fún yín ni.

Ó kù díẹ̀ nípa ìpamọ́. Ẹ má fún ọmọ àbúrò tí inú ń run ní Septrin yín: ẹ̀yin náà á pàdánù ọjọ́, ọmọ náà á sì gba ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n. Ẹ fi í síbi tí kò gbóná ju 30 lọ, tí oòrùn àti omi kò dé, kì í ṣe orí fèrèsé tàbí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró tí hóró sì ṣẹ́kù, ẹ dá a padà sí ibi tí ẹ ti ń gba oògùn. Kò yẹ kó wọ ṣáláńgá tàbí gọ́tà, torí sulfamethoxazole kì í tètè bàjẹ́ nínú omi ìdọ̀tí, bakitéríà tó wà níbẹ̀ á sì máa bá a gbé.